Béèsì Kámẹ́rà Rẹ àti Èjìká Òsì Ìyá Rẹ

Ilé wa, ẹ̀yìn àpáta,
Ṣakí.
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Múlíkà, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ nínú yàrá tuntun tí o gbà sí Ìsẹ́yìn, kí iṣẹ́ tuntun náà sì tù ọ́ lára. Mo mọ̀ pé bí o bá rí bí lẹ́tà yìí ṣe nípọn tó, wàá ní Bàbá tún ti gbé wàásù rẹ̀ dé. Fi mí rẹ́rìn-ín bí o ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kà á dé òpin, má sì tíì ra béèsì yẹn títí wàá fi kà á tán.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, inú mi kọ́kọ́ dùn. O ní ọ̀gá rẹ ti fi iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ lé ọ lọ́wọ́, pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ẹ ń lọ sí Ọ̀fìkì láti ya fídíò àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ kan, àti pé orí àpáta tó wà lókè pápá ni wàá dúró sí kí o lè rí gbogbo èrò. Mo ṣàdúà fún ọ. Lẹ́yìn náà lo wá sọ ọ̀rọ̀ béèsì, èyí tí wọ́n ń fi sáàárín sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti kámẹ́rà kí kámẹ́rà lè tẹ́jú. O ní ọ̀gá ní kí o lọ yàn án fúnra rẹ, pé méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ńlá kan àti kékeré kan, àti pé kékeré ló wù ọ́ nítorí ó fúyẹ́ nínú báàgì.

Mo bi ọ́ pé, “Bí kékeré náà ò bá gbà á ńkọ́?”

O ní, “Màá wá òkúta fi ti ẹsẹ̀ ẹ̀ kan.”

“Lórí àpáta? Pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé nísàlẹ̀?”

O rẹ́rìn-ín. O ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.”

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi, Àbẹ̀kẹ́. O rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Mo wò ó nílẹ̀ níbi tó ti ń pariwo “Hẹ́lò, Bàbá, hẹ́lò,” n kò sì lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti tẹ nọ́ńbà rẹ tí mo sì pa á kó tó dún, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò gba ẹnu mi jáde. Ìdí nìyí tí mo fi mú báírò. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo jókòó sí, mo fi ẹsẹ̀ ti òkúta pẹlẹbẹ tí a fi ń di ilẹ̀kùn mú, èyí tí o máa ń jókòó lé mu ẹ̀kọ nígbà tí o wà ní kékeré. Awakọ̀ tó máa gbé lẹ́tà yìí wá bá ọ ti ní bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, òun ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí ìkọ̀wé mi bá wọ́, fara mọ́ ọn.

Ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè tán. Ẹ̀rù ọjọ́ Àbámẹ́ta ń bà mí, ẹ̀rù ohun tí wàá rò nípa mi nígbà tí o bá ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí sì tún ń bà mí. Ṣùgbọ́n èyí tó rọrùn ni n ó kọ́kọ́ sọ, ìyẹn béèsì.

Èkíní, mọ ohun tí béèsì wà fún. Òṣùká ló jẹ́ fún kámẹ́rà. Obìnrin tó ru ìkòkò omi ń bọ̀ láti odò, orí rẹ̀ kò tẹ́jú, ìdí ìkòkò kò tẹ́jú, òṣùká ló ń bá àwọn méjèèjì parí ìjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni béèsì. Wàá fi ẹsẹ̀ sítáǹdì múlẹ̀ dáadáa, wàá wá tú béèsì díẹ̀, wàá yí orí rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú, wàá sì dè é pa. Nígbà tí o bá wá ń yí kámẹ́rà láti ọ̀tún sí òsì, ilẹ̀ inú fídíò kò ní máa dagun bí ẹni pé gbogbo Ọ̀fìkì fẹ́ dà sínú odò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, òṣùká kò lè gba ẹrù rẹ̀ là. Dídagun díẹ̀ ni béèsì lè tún ṣe. Bí ilẹ̀ bá dagun jù, ẹsẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe: méjì sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀kan sí òkè, kí ti òkè sì kúrú. Ọmọ mi, méjì sí ìsàlẹ̀. Ìdàkejì rẹ̀ ni èmi ṣe nígbà kan, wàá sì gbọ́ ibi tó já sí.

Èkejì, ìwúwo. Wọ́n kọ iye tí béèsì lè gbé sára páálí rẹ̀, ìwọ sì ti ń fi kámẹ́rà nìkan wé e. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńkọ́? Bátìrì ńkọ́? Orí sítáǹdì tó wà láàárín ńkọ́? Ọwọ́ ìwọ fúnra rẹ tí wàá gbé lé e nígbà tó bá rẹ̀ ọ́ ńkọ́? Kó gbogbo wọn lé òṣùnwọ̀n kan náà kí o tó wo páálí, kí o sì yan èyí tí agbára rẹ̀ ju tiwọn lọ dáadáa. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo máa ń ro ẹrù bí ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó tí kò rántí pé àna ń bọ̀ wá kí òun.

Ẹ̀kẹta, gbé sítáǹdì rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Gbé e lọ, má fẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀. Béèsì kan wà tí ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, síkúrù ló ń fi jókòó lórí sítáǹdì tí orí rẹ̀ tẹ́jú. Òmíràn wà tí ìdí rẹ̀ rí roboto bí ìdí igbá, inú sítáǹdì tí ẹnu rẹ̀ jin bí àwo ni wọ́n ń gbé e sí, ọwọ́ tí wọ́n fi ń dè é sì wà nísàlẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ní “Ọ̀gá, ó máa wọ̀ ọ́, nǹkan kékeré kan la máa fi há a,” sọ fún un pé o ṣeun, kí o sì máa lọ. Ohunkóhun tí a bá ń wá nǹkan fi há kó tó jókòó, kò tíì jókòó. Bí ó bá sì wọ̀ ọ́, fi ọwọ́ tó ti làágùn dè é, nítorí òórùn Ọ̀fìkì kò ní bi ọ́ bóyá ọwọ́ rẹ gbẹ. Bí ọwọ́ rẹ bá ń yọ̀ lára ìdè rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó tutù, orí àpáta ńkọ́? Lákòókò ọyẹ́, máa nu inú àwo rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀. Iyanrìn díẹ̀ tó bá wà níbẹ̀ kò ní jẹ́ kó mú.

Ẹ̀kẹrin, wo gíláàsì kékeré tó wà lára rẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ roboto kan ń sá kiri nínú omi rẹ̀ bíi ti àwọn bíríkìlà. Ṣé o lè rí i nígbà tí kámẹ́rà bá wà lórí? Àwọn kan wà tí kámẹ́rà máa ń bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Dè é, yí orí sítáǹdì po, kí o wò ó bóyá afẹ́fẹ́ yẹn dúró sí àárín. Má gbára lé ojú rẹ. Àwa ọmọ Ṣakí, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n bí wa sí, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la ti kọ́ rírìn, ohun tó dagun ló máa ń tọ́ lójú wa.

Ẹ̀karùn-ún ni mo fẹ́ kọ báyìí. Ìyá rẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó wo ìwé náà, ó sì wọlé lọ.

A sọ fún ọ láti kékeré pé ìyá rẹ já bọ́ lórí àkàbà àká lóko, pé ìdí nìyí tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í fi kọjá èjìká. Irọ́ ni. Èmi ni mo fà á.

O ti pé ọdún kan ó lé díẹ̀ nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi fọ́tò bọ́ sí ti fídíò, mo ra kámẹ́rà ràgàjì tí wọ́n ń gbé lé èjìká nígbà yẹn. Ẹni tó bá ní fídíò ní àdúgbò wa láyé ìgbà náà, ọba kékeré ni. Mo máa ń dé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì máa ń sọ̀rọ̀ sí àwọn tó dàgbà jù mí lọ bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn. Mo ní kámẹ́rà, n kò ní sítáǹdì tó lè gbé e. Sítáǹdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fi ń ya fọ́tò pélébé ni mo gbé e kà.

Wọ́n ń ṣe wòlímọ̀ọ̀tù àwọn ọmọ ilé kéwú wa, ìdí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé yìí ni wọ́n tẹ́ ẹní sí. Àwọn ọmọ náà jókòó ní ìlà ìlà pẹ̀lú aṣọ funfun, wàláà sì wà lórí itan wọn. Mo gun àpáta kí n lè kó gbogbo wọn sínú fídíò. Mo fi ẹsẹ̀ méjì sókè, mo fi ẹyọ kan sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ náà kò kanlẹ̀ dáadáa, mo bá wá òkúta pẹlẹbẹ kan, mo fi tì í lábẹ́.

Ìyá rẹ gbé omi mímu gòkè wá fún mi, ó pọ̀n ọ́. Ó wo sítáǹdì, ó ní, “Bàbá Múlíkà, ibí yìí ò tẹ́ o. Òkúta yẹn ń mì.”

Mo ní, “Kí lo mọ̀ nípa fídíò?”

“N ò mọ fídíò. Òkúta tó ń mì ni mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.”

Àwọn èèyàn ń wò wá láti ìsàlẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìyàwó ló ń kọ́ mi níṣẹ́. Mo gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́: “Ìyá Múlíkà, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù!” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò lọ. Ó dúró nísàlẹ̀ sítáǹdì náà, kò jìnnà ju nína ọwọ́ lọ, ó ń wo òkúta.

Wọ́n pe ọmọ àkọ́kọ́ kó wá ké kéwú. Mo yí kámẹ́rà tẹ̀ lé e, mo sì tẹ ẹnu rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ bọ́ sórí ẹsẹ̀ kan yẹn. Òkúta yọ̀. N kò gbọ́ ìró kankan, mo kàn rí i pé ọwọ́ mi ti ṣófo.

Bí nǹkan bá ń bọ̀ wá lu èèyàn, Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn la máa ń kọ sí i, ara ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ kò lè kẹ̀yìn sí i, nítorí ìwọ lo wà lẹ́yìn rẹ̀, o ń sùn. Kò sì lè yà fún un, nítorí àwọn ọmọ kéwú ló wà nísàlẹ̀. Ó dojú kọ ọ́, ó gbé èjìká òsì rẹ̀ pàdé rẹ̀. Mo gbọ́ ìró egungun rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Ìwọ kò tilẹ̀ jí.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kámẹ́rà ni mo sì kọ́kọ́ sáré tọ̀ lọ. Kò sí ẹni tó mọ èyí àfi ìyá rẹ, tó wà nílẹ̀ tó ń wò mí.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rí i pé kámẹ́rà ṣubú, wọ́n rí i pé ìyá rẹ ṣubú. Èwo ló fa èwo kò yé wọn. Èmi ni mo sáré sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀, tó sì gbá sítáǹdì. Mo gbé e lé e lórí níbẹ̀, pẹ̀lú ìrora lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí a kúkú sọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀ pé orí àkàbà àká ni òun ti já bọ́, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ń lu èèyàn?” Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó yá mi lára láti gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ mi ń gòkè, ó ń fi ọwọ́ kan gún iyán. Ìwọ lo máa ń bá a wé gèlè lọ́jọ́ Iléyá, o rò pé ó fẹ́ràn bí o ṣe ń wé e ni.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bá tèmi, láti ẹnu rẹ. Mo ti fi òwe yẹn kọ́ ọ níṣẹ́, mo pa á fún ọ bí ẹni pé kò já mi kulẹ̀ rí. Bí ohun kan bá ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní Ọ̀fìkì, ẹnu mi ló ti jáde.

Nígbà tí mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ, ó ti tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dáná lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ máa ń pa òwe yẹn. Àwa tí à ń dáná mọ̀ pé a máa ń gbẹ́lẹ̀ kí a tó ri ààrò. A ó gbé ìkòkò òfìfo lé e, a ó mì ín wò. Ìgbà tí kò bá mì la tó ń da ọbẹ̀ sí i.” Ó yí ọbẹ̀ rẹ̀ lọ. N kò rí ọ̀gá kankan nínú iṣẹ́ wa tó kọ́ mi ní ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Ra béèsì ńlá. Bí ọ̀gá rẹ bá ní ó ti wúwo jù, sọ fún un pé ìwọ lo máa rù ú. Kí o tó gbé kámẹ́rà lé sítáǹdì ní Ọ̀fìkì, mì í wò lófìfo. Bí o bá rí i pé ẹsẹ̀ kan ń wá òkúta, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí wàá dúró sí, wá ibòmíràn, bí fídíò kò tilẹ̀ ní dára tó bẹ́ẹ̀. Ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò ní ọ̀gangan ìsàlẹ̀ rẹ. Wọn yóò kùn, jẹ́ kí wọ́n kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ibẹ̀ kò tẹ́, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń ta omi, dúró kí o wò ó. Má bi í pé kí ló mọ̀ nípa fídíò. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ kan, nítorí yóò bàjẹ́, ènìyàn ni ọ́, sọ pé ìwọ ni kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí o kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, ẹlòmíràn ni yóò máa bá ọ rù ú.

Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, bínú. Ó tọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìbínú náà dúró di ọjọ́ Àìkú. Àbámẹ́ta, àpáta ni kí o gbájú mọ́.

Ìyá rẹ ti gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lórí ìdúró, ó dá a padà. Mo ní ṣé kí n yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun, pé ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn ín lọ rìn ín bọ̀ lójoojúmọ́ títí mo fi dìde.” Mo ní ìyẹn kò sí lára ohun tí mo ń kọ. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́. Ọmọ yín ni, kò yẹ kó gbọ́ ìdajì.” Mo ti kọ ọ́ o.

Wàá rí àpò kan pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Àjákù aṣọ òfì ni ìyá rẹ fi rán an, ó ní ìyẹn ló lágbára tó. Wo ìdí sítáǹdì rẹ, ìkọ́ kan wà láàárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni kí o gbé àpò náà kọ́, kó máa fa sítáǹdì mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Òkúta tó ń di ilẹ̀kùn ilé ìdáná mú ló wà nínú rẹ̀. Òun ni mo fi ti ẹsẹ̀ sítáǹdì lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ ló ní kí a gbé e wálé, kí n lè máa fi ẹsẹ̀ kàn án, mo sì ti ń fi ẹsẹ̀ kàn án láti ìgbà yẹn.

Wọ́n ti ń pe ìrun. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ń lù gbàgà gbàgà lẹ́yìn mi, ìyá rẹ ní kí n jẹ́ kó máa lù títí wàá fi pè wá ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta.

Bàbá rẹ tó jẹ ọ́ ní òtítọ́,
Bàbá Múlíkà.